Ilé Tí A Gbẹ́ Bí Ère: Ìbéèrè Tí Ẹ Máa Ń Bi Wá àti Ìdáhùn Wọn

Ilé-iṣẹ́ ayàwòrán-ilé kékeré ni wá, Abẹ́òkúta la fi ṣe ibùjókòó. Gbọ̀ngàn ìlú, ilé ìkàwé, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ilé ìjọsìn àti irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ tí tọmọdé tàgbà ń wọ̀ là ń ya àwòrán wọn. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, àwọn ìjọ àti àwọn ìgbìmọ̀ ìkọ́lé máa ń bi wá léraléra la kó jọ síbí.

Kí lẹ ń pè ní ilé tí a gbẹ́ bí ère?

Ilé tó wọ́pọ̀ ládùúgbò, àpótí ni. Wọ́n á mọ ògiri mẹ́rin, wọ́n á da páànù bò ó, ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa wá ohun tí wọn yóò fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́: wọ́n á lẹ òkúta mọ́ iwájú rẹ̀, wọ́n á ri òpó ńlá méjì mọ́ ẹnu ọ̀nà. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí agbẹ́gilére ṣe ń wo ìtì igi là ń wo gbogbo ilé náà látìbẹ̀rẹ̀: ibo la ó gé kúrò, ibo la ó fi sílẹ̀ kó nípọn, ibo la ó dá lu kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Bí ẹ bá họ gbogbo ọ̀dà ara rẹ̀ kúrò lọ́la, ẹwà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, nítorí inú ara ilé ló wà.

Ère tó dáa kì í ní ẹ̀yìn. Ibi tí ẹ bá dúró sí lẹ ti lè wò ó. Ilé púpọ̀ nígboro wa, iwájú nìkan ló ní. Ẹ yí lọ sẹ́yìn, páìpù ìdọ̀tí lẹ máa bá níbẹ̀, àti jẹnẹrétọ̀, àti ògiri tí wọn ò rẹ́. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn yẹn làwọn alásè ti ń dáná lọ́jọ́ ìnáwó, ibẹ̀ làwọn ọmọ ti ń ṣeré. Àwọn náà ní ojú.

Ère kẹ̀? Ṣé kì í ṣe òrìṣà lẹ fẹ́ gbé kalẹ̀ fún wa?

Àwọn bàbá ìjọ àti àwọn alhájì ló sábà ń béèrè èyí, ó sì tọ́ kí wọ́n béèrè. Rárá o. A ò ní gbé orí ènìyàn tàbí ti ẹranko kankan sára ilé yín àfi tí ẹ̀yin fúnra yín bá ní ká ṣe bẹ́ẹ̀. Ìrísí là ń sọ: bí ògiri ṣe tẹ̀, bí òrùlé ṣe gbéra nílẹ̀, bí òjìji ṣe ń rìn lára rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Òrùlé roboto orí mọ́ṣáláṣí àti ilé agogo orí ṣọ́ọ̀ṣì, irú iṣẹ́ kan náà ni.

Irú ilé wo ló yẹ ká ṣe báyìí, èwo ni kò yẹ?

Ó yẹ ilé tó jẹ́ pé ẹyọ kan irú rẹ̀ ni ìlú ní: gbọ̀ngàn, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ilé ìkàwé ńlá, ààfin. Bó bá jẹ́ kíláàsì mẹ́fà fún iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tàbí ogójì ṣọ́ọ̀bù fún ọjà lẹ fẹ́, àpótí tó tọ́, tó ní fèrèsé ńlá, ló dáa jù, a ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún yín lójú ẹsẹ̀. Bí gbogbo ilé àdúgbò bá ń jó, ta ni yóò dúró wòran?

Ṣé kì í ṣe nǹkan òyìnbó lèyí?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tó kú ní nǹkan bí ọdún 1938, gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin ní Ìkẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn náà débi àfihàn ńlá ní Wembley lọ́dún 1924, ó sì kù sílùú Lọ́ńdọ̀nù títí dòní. Nígbà tí David Adjaye, ayàwòrán-ilé, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fẹ́ ya ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìtàn àti àṣà àwọn aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà tó wà ní Washington, orí òpó Yorùbá, irú èyí tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́, ni wọ́n wò tí wọ́n fi fún ilé náà ní adé onípele mẹ́ta. Wọ́n ṣí i lọ́dún 2016. Òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ti di odindi ilé lókè òkun, àwa ṣì ń béèrè bóyá nǹkan òyìnbó ni.

Ní igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà tó ṣáájú nínú mímọ àwọn ère àti ojúbọ ibẹ̀, wà níbẹ̀ lóòótọ́, ará Austria sì ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ló mọ púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn. Adébísí Àkànjí tó bá a ṣe é, iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ẹni tí a fẹ́ràn jù láti tọ́ka sí ni Demas Nwoko. Iṣẹ́ ọnà ló kọ́ ní Zaria, kò kọ́ yíya àwòrán ilé níléèwé kankan. Òun ló ya ilé ìsìn àwọn Dominican, ẹgbẹ́ àlùfáà Kátólíìkì, tó wà n'Íbàdàn, àti ilé àṣà Oba Akenzua ní Benin. Ó máa ń po símẹ́ńtì mọ́ erùpẹ̀ pupa láti ṣe búlọ́ọ̀kù. Ní 2023 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní Venice fún iṣẹ́ tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Ìbàdàn kò jìnnà sí wa. Kí ìgbìmọ̀ tó bá wa jókòó, ó dáa kí wọ́n lọ dúró nínú ilé ìsìn yẹn fún wákàtí kan. Yóò ṣe àlàyé jù wá lọ.

A fẹ́ kí ilé àṣà wa rí bíi gángan, tàbí bí igbá, tàbí bí Olúmọ. Ṣé ẹ lè ṣe é?

Kò sí ìbéèrè tí a ń gbọ́ tó èyí. A lè ṣe é. A kì í fẹ́ ṣe é.

Ilé tí a kọ́ bíi gángan, àwòrán gángan lásán ni. Ẹni tó bá rí i á rẹ́rìn-ín, á ní "ẹ wo gángan", ojú rẹ̀ á sì kúrò níbẹ̀. Kò ku ohun tí yóò tún wò lọ́jọ́ kejì. Inú rẹ̀ wá ńkọ́? Àárín gángan ló fún jù, bẹ́ẹ̀ àárín gbọ̀ngàn lèrò máa ń pọ̀ sí jù. Ilé eré ìtàgé ìjọba tó wà ní Ìgànmú l'Ékòó, tí wọ́n fi ilé kan ní Varna ní Bulgaria ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1976, gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó jọ fìlà sójà. Mélòó nínú àwa tó ń pè é ní fìlà ló lè sọ bí inú rẹ̀ ṣe rí?

Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó wo bí gángan ṣe ń ṣiṣẹ́. Awọ méjì ni, okùn awọ ló so wọ́n pọ̀ yípo. Bí onílù bá fún un, ohùn á ròkè. A lè ya òrùka irin ńlá kan sókè ògiri, òmíràn tó kéré sáàárín, ká wá fi okùn irin na òrùlé sáàárín àwọn méjèèjì, kí gbọ̀ngàn má sì ní òpó kankan nínú. Àlejò lè má mọ̀ pé ìlù ló bí i. Onílù tó bá gbójú sókè yóò mọ̀.

Ní ti Olúmọ, ẹ̀dà rẹ̀ kò wúlò, òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Àwọn Ẹ̀gbá tó sá síbẹ̀ nígbà ogun kò gbé orí rẹ̀. Abẹ́ àpáta tó nà síta ni wọ́n forí pamọ́ sí. Ẹni tó ń gùn ún lónìí ṣì máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó kọjá níbi tó há, ara rẹ̀ á tutù, lẹ́yìn náà á yọ sókè lójijì, á sì rí gbogbo ìlú. A lè fi èyí sínú ilé: ẹnu ọ̀nà tó rẹlẹ̀, tó ṣókùnkùn díẹ̀, tó nípọn, kí gbọ̀ngàn wá ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú yín. Kò sí ẹni tí yóò ní "èyí jọ Olúmọ", ṣùgbọ́n ara yóò rántí.

Báwo lẹ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?

Ilẹ̀ la kọ́kọ́ ń lọ wò: láàárọ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àti nígbà tí òjò bá ń rọ̀. A ó bi yín níbi tí àwọn olóyè yóò ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ibi tí ọ̀kadà máa dúró sí, ibi tí ẹ máa ta kánópì sí bí èrò bá kún àkúnya, nítorí pé èrò yóò kún àkúnya.

Lẹ́yìn náà, amọ̀. A máa ń fi amọ̀ mọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, a ó gbé wọn sí oòrùn, a ó fọ́ èyí tí kò dáa. Èyí tó bá yè la ó fi páálí ṣe ní ńlá, tí ẹ fi lè ki orí bọ abẹ́ rẹ̀ kí ẹ sì wo inú. Pláànù orí ìwé ló kẹ́yìn. Àwọn àgbà ìgbìmọ̀ tí kì í lè ka pláànù kì í ní wàhálà pẹ̀lú mọ́dẹ́ẹ̀lì páálí yìí: bàbá á gbé e, á yí i po, á wá bi wá pé, "Ibo ni wọ́n á gbé pósí gbà wọlé?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹnu ọ̀nà tó tẹ̀ kọrọdọ lè lẹ́wà kó má sì gba pósí àti ènìyàn mẹ́fà tó gbé e.

Kí ló dé tí ẹ fi ń náwó tó báyìí sórí òrùlé?

Torí pé Abẹ́òkúta la wà. Nílùú tó tẹ́jú, ta ló ń rí òrùlé? Níbí, ẹni tó bá gun Olúmọ, tó ga ní mítà 137 ju ojú òkun lọ, òrùlé ló gùn ún lọ wò: páànù tó ti dípẹtà, ọ̀kan lórí ọ̀kan, títí lọ sí ìhà odò Ògùn. Kódà ẹni tí kò gun Olúmọ, bó bá ti wà lókè díẹ̀, orí ilé aládùúgbò rẹ̀ ló ń wò láti ojú fèrèsé. Òrùlé ni ojú ilé nílùú yìí, iwájú rẹ̀ ló ṣìkejì.

Nítorí náà a kì í jẹ́ kí táńkì omi, ẹ̀rọ amúlétutù, díìṣì àti páńẹ́ẹ̀lì oòrùn dé orí ilé bí àlejò tí a kò pè. A ó ti gbẹ́ àyè wọn sára òrùlé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ máa fi nǹkan sórí ilé lọ́jọ́ iwájú, ẹ sọ ọ́ nísinsìnyí.

Ṣé ilé gíláàsì kọ́ ló bágbà mu?

Oòrùn wa kì í gbà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ìhà àríwá ni oòrùn ọ̀sán gangan máa ń wà lókè wa níbí. Láwọn oṣù yòókù, ìhà gúúsù ni. Ìhà méjèèjì yìí kò le: bí òrùlé bá yọ síta dáadáa, á bò wọ́n. Oòrùn àárọ̀ láti ìlà-oòrùn àti tìrọ̀lẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn ló burú, torí pé ó wà nísàlẹ̀, ó ń wọlé tààrà, òrùlé kò lè dá a dúró. Ìhà méjì yẹn la ti máa ń jẹ́ kí ògiri nípọn, kí ihò ìmọ́lẹ̀ kéré kó sì jìn. Le Corbusier, ayàwòrán-ilé, ṣe irú ògiri bẹ́ẹ̀ sára ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ronchamp ní Faransé lọ́dún 1955: ihò rẹ̀ tóbi nínú, ó kéré níta, ìmọ́lẹ̀ sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀.

Gíláàsì tó tẹ̀ sínú tún ní ewu tirẹ̀. Ní 2013, ilé gogoro kan ní Lọ́ńdọ̀nù kó ìtànṣán oòrùn jọ sójú kan, ó sì yọ́ ara mọ́tò tí wọ́n gúnlẹ̀ sí títì. Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn o.

Àpáta ló wà lórí ilẹ̀ wa. Ṣé ẹ ó fọ́ ọ?

Bí ẹ bá gbà fún wa, a ò ní fọ́ ọ. Àpáta tó yọ síta ti jẹ́ apá kan iṣẹ́ tí ẹ kò sanwó fún. Ó lè di ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó lè di ìjókòó, ó lè wà láàárín àgbàlá kí ilé yí i ká. Èyí tí wọ́n ń dáná táyà lé títí á fi sán, tàbí èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀tù fọ́ láàárín ilé tó fún mọ́ra, ewu ni fún ìpìlẹ̀ àti ògiri àwọn aládùúgbò. Ẹ̀tù sì ní ìwé àṣẹ tí ìjọba ń fún ẹni tó máa lò ó.

Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ju àpáta lọ ni ilẹ̀ tó jẹ́ àpáta lápá kan, tó jẹ́ erùpẹ̀ lápá kejì. Apá orí àpáta kò ní mì. Apá orí erùpẹ̀ yóò rì díẹ̀. Àárín méjèèjì ni ògiri yóò ti là, kò sì sí ọ̀dà tó lè bò ó. Kí a tó mọ ìrísí kankan, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ilẹ̀ ní ojú ibi púpọ̀. Nígbà míì, àyẹ̀wò yìí ló ń pín ilé sí méjì fún wa, pẹ̀lú àlàfo láàárín, àlàfo yẹn á wá di ọ̀nà tó dáa jù nínú ilé.

Ṣé àwọn bíríkìlà àti káfíńtà ìlú wa lè ṣe é?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí ìrísí náà bá bọ̀wọ̀ fún pákó wọn. Pákó tó tọ́ ni káfíńtà wa ní láti fi há kọnkéré. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé pákó tó tọ́ lè bí ojú ilé tó tẹ̀: bí ẹ bá to pákó tẹ̀lé ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yí díẹ̀ ju èyí tó ṣáájú lọ, ojú tó máa jáde yóò tẹ̀ bí ewé, bẹ́ẹ̀ pákó kankan kò tẹ̀ níbẹ̀. Félix Candela fi ọgbọ́n yìí da òrùlé kọnkéré ní Mẹ́síkò; èyí tó ṣe ní Xochimilco lọ́dún 1958 kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ níbi púpọ̀. Ní Uruguay, Eladio Dieste fi bíríkì lásán mọ ṣọ́ọ̀ṣì Atlántida, ògiri rẹ̀ ń tẹ̀ lọ tẹ̀ bọ̀, okùn tó nà tààrà sì ni wọ́n fi darí ọwọ́ àwọn bíríkìlà.

A máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ mọ apá kan ògiri náà, kó ga tó ènìyàn, sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí ilẹ̀. Ibẹ̀ ni bíríkìlà máa ń fi bó ṣe yẹ kó rí hàn wá, nígbà míì ó máa ń dáa ju tiwa lọ. A ó wó o lẹ́yìn ìyẹn, tàbí ká fi sílẹ̀ kó di àga fáwọn ọlọ́dẹ.

Rọ́ọ̀dù àti pípo kọnkéré ni a kì í dunà-án-dúrà lé lórí. Òrùlé tó fẹ́lẹ́, ìrísí rẹ̀ ló fún un lágbára. Bí rọ́ọ̀dù bá yà kúrò ní ipò rẹ̀, kò sí bó ṣe lè nípọn tó tí yóò gbà á là. Ẹnjiníà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń da kọnkéré.

Kò ní wọ́n jù ni?

Ó lè wọ́n gan-an. Ilé opera ìlú Sydney ni gbogbo ènìyàn fi ń dẹ́rù bà wá, ó sì yẹ kó bani lẹ́rù: Jørn Utzon, ayàwòrán-ilé, gba ìdíje rẹ̀ ní 1957, wọ́n ní mílíọ̀nù 7 dọ́là Ọsirélíà ni yóò gbà, ó parí ní 1973 pẹ̀lú mílíọ̀nù 102. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó fà á. Àwọn olóṣèlú kù gìrì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ bí òrùlé náà yóò ṣe dúró. Ọdún púpọ̀ kọjá kí Utzon tó rí i pé gbogbo òrùlé náà ni òun lè gé jáde lára bọ́ọ̀lù ńlá kan ṣoṣo, kí wọ́n lè da àwọn egungun rẹ̀ nínú mọ́ọ̀dù kan náà léraléra.

Ohun méjì ló wà níbẹ̀ fún ìgbìmọ̀ yín. Ẹ má ṣe fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ torí pé ọjọ́ ìlú ti kù sí dẹ̀dẹ̀ tí gómìnà sì ti ṣèlérí pé òun ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwòrán parí. Èkejì ni pé pákó tí wọ́n fi ń há kọnkéré ni olówó nínú ilé tó tẹ̀. Pákó tí a lò lẹ́ẹ̀kan tí a jù nù, owó yín la jù nù. Nítorí náà, ilé tí a bá yà fún yín yóò ní òfin kan tó so gbogbo ìrísí rẹ̀ pọ̀, kí pákó kan lè bí ogún egungun.

Ibi tí a ti ń rí owó náà padà ni ọ̀ṣọ́. Kò sí sílíǹgì, kò sí táìlì ara ògiri, kò sí òpó aláràbarà tí ń jáde láti ilé ìtajà. Bí ẹ bá fẹ́ ìrísí wa kí ẹ sì tún fẹ́ gbogbo ọ̀ṣọ́ yẹn, á wọ́n yín.

Ṣé kọ̀ǹpútà kọ́ ló ń ṣe gbogbo rẹ̀ báyìí?

Kọ̀ǹpútà ń bá wa wọn nǹkan, ó ń ka iye búlọ́ọ̀kù, ó ń fi òjìji oṣù Kejìlá hàn wá nínú oṣù Kẹfà. Ó tún máa ń jẹ́ kí ilé burúkú dáa lójú, torí pé nínú àwòrán rẹ̀ ojú ọ̀run máa ń mọ́, kò sì sí wáyà iná. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí ilé tó jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà nìkan lẹ ti rí i.

Ṣé a lè rí àdìrẹ lára ilé náà?

Bó bá jẹ́ kíkùn ún sára ògiri, òjò ọdún mélòó kan ni yóò fọ̀ ọ́ lọ. Ohun tí a fẹ́ràn ni búlọ́ọ̀kù oníhò tí a dà nínú mọ́ọ̀dù, tí ihò rẹ̀ tẹ̀lé ìlànà àwòrán àwọn ìyá alàdìrẹ ní Ìtòkú. Atẹ́gùn á gba ibẹ̀ wọlé, àwòrán náà á sì tẹ́ sílẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wọ̀ ọ́. Ẹ sanwó fún ìyá tó bá ya àwòrán náà. Oníṣẹ́ ọnà gidi ni.

Gbọ̀ngàn roboto máa ń dún wòùn-wòùn. Kí lẹ máa ṣe sí i?

Òótọ́ ni. Ojú tó tẹ̀ sínú máa ń kó ohùn jọ sójú kan. Ẹni kan á gbọ́ alága ìjókòó lẹ́ẹ̀mejì, ẹlòmíì ò ní gbọ́ nǹkan kan. Bí ẹ bá wá fi sípíkà mẹ́jọ kún un, ìlù àti ọ̀rọ̀ á di ariwo. A máa ń yí i padà: ojú òrùlé inú gbọ̀ngàn á yọ síta, á tẹ̀ wá sọ́dọ̀ èrò, kí ohùn lè fọ́n ká. Hans Scharoun ṣe òrùlé inú gbọ̀ngàn orin tó kọ́ sí Berlin báyìí lọ́dún 1963, ó sì to ìjókòó yí àwọn olórin ká bí ebè orí òkè. Ìtò yẹn bá eré tiwa mu ju pèpéle iwájú lọ: agbo la máa ń ṣe bí onílù bá dé, kì í ṣe ìlà.

Ariwo òjò lórí páànù náà ń bẹ. Páànù tí kò ní nǹkan nípọn lábẹ́ kò yẹ gbọ̀ngàn. Bí òjò oṣù Kẹfà bá dé láàárín ìwàásù, pásítọ̀ á kàn dúró ni.

Ilé tó tẹ̀ kì í pẹ́ jò. Àbí irọ́ ni?

Kì í ṣe irọ́ bí ẹni tó yà á kò bá ronú nípa omi. Àyẹ̀wò tiwa rọrùn: a máa ń da ife omi sórí mọ́dẹ́ẹ̀lì níwájú yín. Ibi tí omi bá dúró sí, ibẹ̀ ni yóò jò, a ó sì tún un mọ. Ní Ronchamp tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo omi òrùlé ń gba ẹnu kan ṣoṣo já sínú àgbá kọnkéré nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ òjò, òun gan-an ni ìran wíwò.

A kì í fi páìpù omi òjò pamọ́ sínú ògiri. Ewé gbígbẹ ìgbà ọyẹ́ á dí i, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ títí ògiri á fi mumi yó. Kí omi máa ṣàn níbi tí ojú ti rí i. Ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìnáwó ìgbìmọ̀ pé kí ẹnì kan gun òkè lọ gbálẹ̀ orí òrùlé kí òjò oṣù Kẹta tó bẹ̀rẹ̀. A ti máa ń ya àkàbà rẹ̀ mọ́ ilé.

Àwọn arúgbó àti àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ ńkọ́?

Òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2019 sọ pé ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé wọ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara, ó fún àwọn ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀ ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe. Ọdún márùn-ún yẹn ti kọjá.

Ọ̀nà tó dagun díẹ̀díẹ̀ dípò àtẹ̀gùn, mítà méjìlá ni yóò gùn kó tó gòkè mítà kan. Lórí ilẹ̀ Abẹ́òkúta tó jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, èyí gùn gan-an, kò sì ṣeé fi sẹ́yìn ilé bí ohun ìtìjú. Àwa máa ń sọ ọ́ di ọ̀nà àbáwọlé gbogbo ènìyàn, olóyè àti arọ, kó yí ilé po. Frank Lloyd Wright sọ ọ́ di odindi ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní New York lọ́dún 1959.

Bí ìjọba bá yí padà, tàbí tí owó bá tán lágbedeméjì ńkọ́?

Ẹ bi wá kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí pé ó máa yí ìrísí padà. Òrùlé kọnkéré tó fẹ́lẹ́ kò ní agbára títí yóò fi parí. Ẹ kò lè kọ́ ìdajì rẹ̀ kí ẹ sì dúró de ìgbà míì. Bí owó yín bá ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, a ó ya ilé tó ń dàgbà ní apá-apá: ọdún kìíní, àgbàlá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yí i ká, tí ẹ lè máa ṣèpàdé níbẹ̀, lẹ́yìn náà ilé ìkàwé, gbọ̀ngàn ló máa kẹ́yìn. Apá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ojú tó pé bí ẹni pé òun nìkan ni.

Ẹ kàn ta àwòrán náà fún wa, bíríkìlà wa á ṣe é. Kí ló burú ńbẹ̀?

Bó bá jẹ́ àpótí ni, bóyá. Ilé irú èyí, ojú ìpìlẹ̀ la ti ń ṣe ìpinnu tó le jù, kì í ṣe lórí tábìlì. Àwòrán tí a bá fún yín yóò ní òǹtẹ̀ ayàwòrán-ilé tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ARCON, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń forúkọ àwọn ayàwòrán-ilé sílẹ̀, àti ti ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, ìgbìmọ̀ tàwọn ẹnjiníà. Bí ilé náà bá wó, orúkọ wa tó wà lára òǹtẹ̀ yẹn ni wọ́n máa pè. A kì í ta orúkọ láìsí àbójútó.

Ẹ tún bi wá bóyá ẹ lè kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì nílùú míì. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ilẹ̀ wa, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2022, dá àwòrán ilé mọ̀ bí iṣẹ́ ọnà, ẹni tó yà á ló ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ àfi tí ìwé àdéhùn bá sọ ọ̀rọ̀ míì. Ká sọ òótọ́, kì í ṣe owó nìkan ló ń dùn wá. Ilé tí a gbẹ́ fún ẹ̀gbẹ́ àpáta kan kò ní bá pápá tó tẹ́jú mu.

Bí àwọn ará ìlú bá kórìíra rẹ̀ ńkọ́?

Kí wọ́n kórìíra mọ́dẹ́ẹ̀lì kí wọ́n tó kórìíra ilé. A máa ń gbé e síbi tí ẹsẹ̀ ti pọ̀, fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, pẹ̀lú ẹnì kan níbẹ̀ tó ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, títí kan èébú. Èyí tó bá jẹ mọ́ lílò la kọ́kọ́ ń mú: ìyá tó ní ibi ìdáná jìnnà sí àgbàlá, ọ̀dọ́ tó ní kò sí ibi tí òun lè dúró tì kó tẹ fóònù, ìmáàmù tó ní ibi àlùwàlá kò sí. Àwọn yẹn la ń tún ṣe láìjiyàn.

"Kò jọ ilé tí mo mọ̀" la máa ń fi sílẹ̀ díẹ̀ kó gbó. Ọ̀pọ̀ á ti yí ohùn padà kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, pàápàá bí wọ́n bá ti ki orí bọ abẹ́ rẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ bá ṣì sọ lẹ́yìn gbogbo èyí pé àwọn ò fẹ́, a ó ya òmíràn. Owó àwòrán kejì ti wà nínú ìwé àdéhùn wa láti ìbẹ̀rẹ̀, ní ojú ìwé kejì.